Kí Ló Pa Àtíkè Pọ̀ Mọ́ Ìràwọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyàwó mi lẹ́bàá Tákìé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Iwájú ló ti ń dirun, ẹ̀yìn ló kó ìpara, àtíkè, tìróò àti lọ́fínńdà sí. Pátákó tó wà lókè ilẹ̀kùn ti pẹ́ nínú oòrùn. "Cosmetics" ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n "Cosm" nìkan lojú ṣì ń rí kà báyìí.

Ariwo ni mo bá níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì ń lọ láti fóònù dé fóònù, pé Kosmos máa já bọ́ láti òkè lọ́jọ́ Sátidé, kí olúkúlùkù yáa wọ inú àdúrà lọ. Ìyá tí wọ́n ń dirun fún ní kí ló ń jẹ́ Kosmos. Ọmọ yunifásítì kan tó wá ra ìpara dá wọn lóhùn pé, "Mà, àgbáyé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀." Ìyá yẹn fa orí yọ lábẹ́ òòyà. "Àgbáyé ló fẹ́ já bọ́? Ibo ló wá fẹ́ já sí?"

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Ọmọ iṣẹ́ àbúrò mi ló nawọ́ sókè ilẹ̀kùn: "Àǹtí, ṣé kì í ṣe Kosmos yẹn ló wà lára pátákó wa ni?" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ojú fi tì í.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó, orúkọ irin Rọ́ṣíà tó fẹ́ já bọ́ láti òfurufú, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n túmọ̀ sí "ayé" níbi púpọ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun, ìdí kan náà ni wọ́n ti hù. Mo ṣèlérí fún wọn pé màá kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé gbogbo wa. Ìyẹn ni mo jókòó tì yìí.

Ọ̀rọ̀ wo là ń sọ gan-an?

"Kosmos" jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ó sì ti lé ní 2,500 ọdún tí wọ́n ti ń fi sẹ́nu. Ohun tó kọ́kọ́ túmọ̀ sí ni ètò, ìyẹn kí nǹkan wà ní ààyè rẹ̀. Ó tún túmọ̀ sí ọ̀ṣọ́. Láti ibẹ̀ ló ti di orúkọ gbogbo ẹ̀dá pátá, oòrùn, òṣùpá, ìràwọ̀, ilẹ̀ àti òkun, kó tó wá di orúkọ ilé ayé tí ọmọ ènìyàn ń gbé, àti ti ọmọ ènìyàn fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń rìn láti ìtumọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, bí mọ́tò tó gbéra ní Ìlọrin tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí Ọ̀yọ́, tó sì fi Ìbàdàn ṣe ibùdókọ̀. Ibi tí o bá ti wọ mọ́tò náà ni wàá rò pé ó ti gbéra.

Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ tiwa náà yẹ̀ wò kí á tó lọ jìnnà, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá ní "àgbáyé", ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé là ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, a kò sì tíì rí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó wá láti inú ìràwọ̀. Tó bá jẹ́ gbogbo ohun tó wà lókè àti nílẹ̀ la fẹ́ pè lẹ́ẹ̀kan náà, "àgbáńlá ayé" ló bá a mu jù, òun ni màá sì máa lò. Ọmọ yunifásítì yẹn kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tó mú nílẹ̀ ló kéré sí ẹrù tó fẹ́ fi gbé.

Irun, ogun àti oyè: níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wo orí ìyá yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Irun ti ta kókó, ó rí wúruwùru. Àbúrò mi fi òòyà yà á, ó fi ìrù òòyà fa ìlà tín-ín-rín kan láti etí lọ sí àtàrí, ó fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka kan pa òróró sójú ìlà, ó sì ń dì í lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi pàdé lókè orí. Ṣùkú ló dì. Nígbà tó ṣe tán, irun tó wà lórí ìyá náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín. Irun àná ni. Ó kàn bọ́ sí ètò ni, bó sì ṣe bọ́ sí ètò bẹ́ẹ̀ ló di ẹwà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí yẹn gan-an ni Gíríìkì ń pè ní kosmos. Àwa ní "ètò", a ní "ọ̀ṣọ́", ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tiwọn, ohun tí a bá tò dáadáa ti wuyì tán, ohun tó bá sì wuyì, ẹnì kan ló tò ó. Ọ̀rọ̀ kan tó méjèèjì.

Nínú Iliad, ewì ogun àtijọ́ tí wọ́n gbà pé Homer ló ni ín, a rí ìhà méjèèjì. Ní apá kan, wọ́n ń yin balógun ará Áténì kan tó ń jẹ́ Menestheus, pé kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láyé nínú ká to ẹṣin àti àwọn jagunjagun alápata. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n lò fún "tò" níbẹ̀, inú ìdílé kosmos ló ti wá. Ní apá mìíràn, Hera, ìyàwó Zeus olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, fẹ́ tan ọkọ rẹ̀. Ó wẹ̀, ó fi òróró olóòórùn dídùn pa ara, ó ya irun, ó dì í, ó wọṣọ, ó fi yẹtí sí etí. Nígbà tí akéwì fẹ́ pe gbogbo ohun tí ìyàwó yìí kó sára pọ̀, kosmos ló pè é. Ogun àti yẹtí nínú ilé kan náà!

Ó tún wọ ààfin. Ní erékùṣù Kírétè, kosmos jẹ́ oyè. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló ń tu ìlú. Ní ìlú Dreros níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ òfin kan sára òkúta ní nǹkan bí ọdún 650 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì wà lára àwọn òfin Gíríìkì tó pẹ́ jù lọ tí ọwọ́ tíì tẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ti jẹ kosmos lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tún un jẹ títí ọdún 10 yóò fi pé. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn olóṣèlú wa gbọ́.) Ní Sparta ẹ̀wẹ̀, kosmos ni wọ́n ń pe gbogbo ìlànà tí ìlú ń tẹ̀ lé, tí wọ́n ní Lycurgus ló fi lélẹ̀ fún wọn.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní kosmos tirẹ̀, nítorí náà. Ṣé ẹ mọ oríkì wa: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Àlejò lè rò pé ẹ̀kọ ló yẹ kó ṣáájú. Ètò tiwa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń bá wa du ú.

Báwo ló ṣe gòkè lọ sọ́dọ̀ ìràwọ̀?

Àwọn àgbà òǹkọ̀wé Gíríìkì máa ń sọ pé Pythagoras, tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, lẹni àkọ́kọ́ tó pe àgbáńlá ayé ní kosmos. Ìdí tí ẹnì kan fi lè pè é bẹ́ẹ̀ kò ṣòro rárá láti rí. Ẹ jókòó síta lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá lọ káàkiri àdúgbò. Ìràwọ̀ pọ̀ bí iyanrìn, o lè rò pé wọ́n kàn dà wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó fún oṣù mélòó kan á rí i pé olúkúlùkù wọn ló ní ọ̀nà. Òṣùpá ń lé, ó ń wọ̀ọ̀kùn, kì í ṣì í. Oòrùn ń ti ìhà gúúsù bọ̀ sí ìhà àríwá, ó tún ń padà. Àwọn bàbá wa rí i pé ìràwọ̀ ńlá kan máa ń wà nítòsí òṣùpá, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, àgùàlà (òun ni òyìnbó ń pè ní Venus), wọ́n sì kìlọ̀ pé bó ṣe ń bá òṣùpá rìn tó yẹn, kì í ṣe ajá rẹ̀. Ẹ rántí àgùàlà yìí o, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹni tó bá rí gbogbo ìyẹn, tó sì jẹ́ Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún irun tí a dì àti ogun tí a tò ni yóò wá sí i lẹ́nu. Ó wo òkè, ó ní: kosmos nìyí.

Ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Jésù, Heraclitus, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì kan, sọ pé kosmos yìí, ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, kò sí òrìṣà tàbí ènìyàn kankan tó ṣe é. Iná tó wà láàyè títí ni. Ẹ̀yin lè má gbà fún un (èmi náà kò gbà), ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀ṣọ́ ara. Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì mìíràn, tẹ̀ lé e lẹ́yìn èyí. Ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n sọ pé ìrẹ́pọ̀ àti ètò ló so ọ̀run, ilẹ̀, òrìṣà àti ènìyàn pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀ ní kosmos, tí wọn kò pè é ní rúdurùdu.

Àwọn ará Róòmù kò jókòó lásán. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Látìnì kan, mundus, tó jẹ́ pé ohun èlò ọ̀ṣọ́ obìnrin ló tún túmọ̀ sí. Wọ́n gbé òun náà sójú ọ̀run. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù tó kú lọ́dún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù, kọ ọ́ kedere pé Gíríìkì fi orúkọ ọ̀ṣọ́ pe àgbáńlá ayé, àwa náà sì pè é ní mundus nítorí pé ó pé, ó sì lẹ́wà. Ọ̀rọ̀ tí Faransé àti Sípéènì ń lò fún ayé títí di òní, ara mundus yẹn ni wọ́n ti gé e. Látìnì tún ní òmíràn, universum, tó túmọ̀ sí "èyí tó yí padà di ọ̀kan". Òun ni Gẹ̀ẹ́sì wá sọ di universe. Kò sí ọ̀ṣọ́ nínú tìyẹn, ó kàn ka ohun gbogbo pọ̀ sójú kan.

Pátákó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

Ìyẹn kò gba àlàyé púpọ̀. Kosmetikos ni Gíríìkì ń pe ohun tó jẹ mọ́ ọ̀ṣọ́ ṣíṣe tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó rin ìrìn àjò tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ó sì dé Tákìé nínú páálí ìpara. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí àbúrò mi wá ṣàlàyé orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lè sọ pé iṣẹ́ òun ni kí òun so orí ènìyàn pọ̀ mọ́ bí Ọlọ́run ṣe to ìràwọ̀. Mo sọ èyí fún un. Ó ní ṣé ìyẹn lè jẹ́ kí òun fi owó lé owó ṣùkú.

Ṣé Ọlọ́run fẹ́ ayé ni, àbí kò fẹ́ ẹ?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan wa gbọ̀ngbọ̀n, torí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú tí ìwé àti Bíbélì ti jọ wọlé. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì onítẹ̀bọmi, ti ń gbé níbí láti ọdún 1855, ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sì jáde lọ́dún 1858. Ọdún 1898 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù onítẹ̀bọmi sílẹ̀ láàárín wa. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kan kì í tán ní kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa. Jòhánù 3:16 ní, "Nítorí Ọlọ́run fẹ́ aráyé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́". Ìwé Jòhánù kìíní, 2:15, ní, "Ẹ má ṣe fẹ́ràn ayé, tàbí ohun tí ń bẹ nínú ayé." Ṣé a wá lè kọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́?

Nínú Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, kosmos ló wà ní ibi méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà fara hàn ní ohun tó lé ní ìgbà 180 nínú Májẹ̀mú Tuntun, ìwé tó ń jẹ́ ti Jòhánù ló sì ti pọ̀ jù. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń bá àwọn ará Áténì sọ̀rọ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:24, tó ní Ọlọ́run ló dá ayé àti ohun gbogbo tí ń bẹ nínú rẹ̀, àgbáńlá ayé ni kosmos níbẹ̀. Ní Jòhánù 3:16, ènìyàn ni. Nínú lẹ́tà Jòhánù, ètò ni. Ìyẹn bí àwọn ọmọ ènìyàn ṣe to ìgbésí ayé wọn láìfi ti Ọlọ́run ṣe, ta ló ga, ta ló rẹlẹ̀, kí ni wọ́n ń lé kiri. Òun ló ní ká má fẹ́.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ọmọ Òṣogùn jẹ́ aṣáájú wọn, kọ "araiye" sí ibi kan, wọ́n kọ "aiye" sí ìkejì. Lójú tèmi, wọn ò kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan níbẹ̀, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ kí a tó béèrè. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àǹfààní yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló lò níbi méjèèjì. (Ẹni tó bá ń da ara rẹ̀ láàmú lórí "aiye" inú Bíbélì àtijọ́, ayé náà ni. Àkọtọ́ ọdún 1974 ló yọ "i" àárín rẹ̀ dànù.)

Jòhánù 1:10 ló dùn mọ́ mi jù: "Òun sì ti wà ní ayé, nípasẹ̀ rẹ̀ ni a sì ti dá ayé, ayé kò sì mọ̀ ọ́n." Kosmos mẹ́ta nínú gbólóhùn kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí ó wá, ìkejì jẹ́ ohun tí a dá, ìkẹta jẹ́ àwọn tí kò dá a mọ̀. Òkè kì í mọ ènìyàn, ilẹ̀ kì í mọ ènìyàn. Ọmọ ènìyàn ló ń ṣe mo-mọ̀-ọ́n-n-kò-mọ̀-ọ́n. Yorùbá gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò yé nínú ìjọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Pétérù kìíní, orí kẹta, ẹsẹ kẹta, ni wọ́n máa ń fi dá àwọn onídìrí lẹ́jọ́, pé kí ọ̀ṣọ́ obìnrin má ṣe jẹ́ ti òde, ti irun dídì àti wúrà lílò. Wọ́n ti kà á sí àbúrò mi létí rí nílé ìjọsìn kan, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n túmọ̀ sí "ọ̀ṣọ́" níbẹ̀, kosmos ni. Irun dídì tí Hera fi tan ọkọ rẹ̀ nínú Iliad la tún bá pàdé nínú lẹ́tà Pétérù, lábẹ́ orúkọ kan náà. Bí a bá fi ìtumọ̀ "àgbáńlá ayé" ka ẹsẹ yẹn, kò sí ohun tó máa yéni níbẹ̀.

Májẹ̀mú Láéláé náà ní tirẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 2:1 ní Ọlọ́run parí ọ̀run àti ayé "àti gbogbo ogun wọn". Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ogun lóòótọ́. Nígbà tí àwọn Júù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì, kí ni wọ́n fi rọ́pò "ogun"? Kosmos. Ìràwọ̀ tí a tò bí ọmọ ogun, tí a sì fi ṣe ọ̀run lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn atúmọ̀ yẹn mọ èdè.

Ṣé ọ̀nà kan náà ni "ayé" tiwa gbà?

Rárá. Kò sí ọ̀ṣọ́ nínú ayé tiwa, kò sì sí ètò nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé inú "yè" ló ti wá, pé ayé ni ibi tí a ti wà láàyè. Ó dùn ún gbọ́, ó sì bá ìtumọ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ohùn rẹ̀. "Yè" wálẹ̀, "ìyè" wálẹ̀, "ayé" gòkè. Nínú èdè tí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ ti jẹ́ ohun mẹ́ta, ohùn kì í ṣe ohun tí à ń fò kọjá, ẹni tó bá fẹ́ so méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí ohùn náà ṣe gòkè.

Èyí tó dá wa lójú ni bí a ṣe ń lò ó. Ayé jẹ́ ibì kan, nígbà tí a bá ní ọmọ tuntun wá sáyé. Ó jẹ́ ìgbésí ẹnì kan: ayé rẹ á dára. Ó jẹ́ ìgbádùn, torí ẹni tó ń jayé kò fi eyín gé nǹkan kan jẹ. Ó jẹ́ ènìyàn, pàápàá jù lọ àwọn ènìyàn tí a kò fẹ́ dárúkọ. Ayé ò fẹ́ ká ru ẹrù ká sọ̀. Bí ìyá àgbà kan bá sọ pé "ayé ló ṣe é", kò sí ẹni tó máa bi í pé ìlú wo. Nínú ìtumọ̀ yìí, ayé tiwa àti kosmos inú lẹ́tà Jòhánù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn mú.

Ayé tún jẹ́ àsìkò. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n ní láyé Àbíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkalẹ̀. Aláàfin méjì, ayé méjì, lórí ilẹ̀ kan náà. Kosmos Gíríìkì kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní aiōn ló ń ṣe é. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù, ní 12:2, pé kí wọ́n má da ara wọn pọ̀ mọ́ ayé yìí, aiōn ni, bíi kéèyàn sọ pé ẹ má ṣe bí ayé Aólẹ̀ ṣe ń ṣe. Nígbà tí Késárì Ògọ́sítù sì ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ayé sínú ìwé, nínú Lúùkù 2:1, ọ̀rọ̀ kẹta ni, oikoumenē, ìyẹn ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé. Ọba kan kò lè ka ìràwọ̀. Gíríìkì pín in sí mẹ́ta, Yorùbá da gbogbo rẹ̀ sínú igbá kan, ó ní ayé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá fi máa ń rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ níbi gbogbo.

Kí wá ni àwọn bàbá wa ń pe àpapọ̀ ohun gbogbo? Orúkọ méjì ni wọ́n dá papọ̀: ayé àti ọ̀run, bí igbá méjì tí wọ́n dé mọ́ra. Hébérù náà ṣe bẹ́ẹ̀. "Ọ̀run àti ayé" ni Jẹ́nẹ́sísì fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Àgbáńlá ayé tí à ń lò fún àlàyé sáyẹ́ǹsì lónìí wúlò, ṣùgbọ́n ó sọ ayé di ńlá títí ó fi gbé ọ̀run mì.

Kí wá ló já bọ́ lọ́jọ́ Sátidé?

Irin ni. Ní Jámánì, Alexander von Humboldt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti fi Kosmos ṣe orúkọ ìwé ńlá rẹ̀, tí apá kìíní rẹ̀ jáde lọ́dún 1845, ọ̀rọ̀ náà sì tún gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá òfurufú, òun ni wọ́n mú: kosmos lédè wọn ni òkè lọ́hùn-ún tí afẹ́fẹ́ kò sí. Yuri Gagarin, tó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1961, kosmonaut ni wọ́n pè é, ìyẹn atukọ̀ inú kosmos. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe tiwọn ní astronaut, atukọ̀ àárín ìràwọ̀. Láti oṣù Kẹta 1962 ni Rọ́ṣíà ti ń sọ àwọn irin tí wọ́n ń jù sókè ní Kosmos, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti lé ní 2,500 báyìí.

Nọ́ńbà 482, èyí tó já bọ́ yìí, kì í ṣe Kosmos tí wọ́n bá fi ti ọkàn wọn ṣe. Àgùàlà ni wọ́n rán an sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1972. Ìkejì rẹ̀, Venera 8, tó gbéra lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, dé ibẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó tì í jáde kò jó tó bó ṣe yẹ, kò lè já kúrò lọ́wọ́ ilẹ̀ ayé, ó sì ń yí wa po. Wọn kì í fi orúkọ Venera pe èyí tó bá kùnà, Kosmos ni wọ́n máa ń pè é, kí àwọn ará ìta má baà mọ ibi tí wọ́n rán an. Odidi ọdún 53 ló fi ń yí ká, tó ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Apá tó kù jẹ́ róbótó, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 495, wọ́n sì ti ṣe é kó lè fara da ooru àgùàlà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rù pé ó lè má jó tán lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, 10 oṣù Karùn-ún, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Àgùàlà wà ní ìlà-oòrùn lókè òrùlé páànù àwọn aládùúgbò, ó ń tàn bí ẹni pé wọn kò rán ohunkóhun sí i rí. Nígbà tí agogo méje kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, irin náà já. Rọ́ṣíà ní Òkun Íńdíà ló já sí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Mo pe àbúrò mi. Ó ní òun á sọ fún ìyá yẹn nígbà tí wọ́n bá wá tú ṣùkú.